Kọ́ọ̀bù Fúláwà Kan, Gíráàmù Mélòó Ni?

Ìlànà kéèkì tó bá ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń ní ká bu kọ́ọ̀bù fúláwà mẹ́ta, kọ́ọ̀bù ṣúgà méjì. Èyí tó bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, gíráàmù ló máa ń kọ. Kẹ́ ẹ tó sọ ọ̀kan di èkejì, ẹ rántí pé àyè tí nǹkan gbà ni kọ́ọ̀bù ń sọ, kò sọ bó ṣe wúwo tó. Kọ́ọ̀bù kan náà lẹ ó fi bu gbogbo wọn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, fúláwà á jẹ́ nǹkan bí 120 gíráàmù, ṣúgà funfun 200, bọ́tà 227, oyin 340.

Kọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà ni mò ń sọ o, tó ń gba nǹkan bí 240 mìlílítà. Ti Ọsirélíà, 250 ni. Ife tíì ilé yín ńkọ́? Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n lófìfo, ẹ tẹ bọ́tìnì tí wọ́n kọ “Tare” sí kó padà sí òdo, kẹ́ ẹ wá bu omi kún un. Mìlílítà omi kan wúwo tó gíráàmù kan, nítorí náà iye gíráàmù tẹ́ ẹ bá rí ni iye mìlílítà tí ife náà ń gbà. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ lè ṣe fún tín mílíìkì àti dẹ̀ríkà.

Fúláwà ló ń dààmú èèyàn jù, torí afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti ife bọ inú àpò, tẹ́ ẹ fi wa fúláwà jáde, ó ti ki nìyẹn. Ó lè tó 150 gíráàmù. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fi ṣíbí tú u, tẹ́ ẹ wá rọra ń fi ṣíbí bù ú sínú ife láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá orí rẹ̀ kó tẹ́jú, á sún mọ́ 120. Ọgbọ̀n gíráàmù lórí kọ́ọ̀bù kan dà bíi pé kò tó nǹkan. Lórí kọ́ọ̀bù mẹ́ta, ó ti di 90, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kọ́ọ̀bù tí ìlànà ò béèrè. Kéèkì á gbẹ, á le, àwọn èèyàn á sì máa bá ààrò wí.

Ṣúgà funfun kì í ki bẹ́ẹ̀. Ti búráùn ni wọ́n máa ń ní kẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́nú ife dáadáa, á sì lé díẹ̀ ní 200.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ẹ fi iye kọ́ọ̀bù ṣe ìlọ́po iye gíráàmù kọ́ọ̀bù kan: kọ́ọ̀bù fúláwà méjì ààbọ̀ jẹ́ 300 gíráàmù, kọ́ọ̀bù ṣúgà kan ààbọ̀ náà jẹ́ 300. Tó bá jẹ́ gíráàmù lẹ fẹ́ sọ di kọ́ọ̀bù, ẹ pín in. Bí ìlànà bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ku fúláwà kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, kọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ní tó 120, torí ó ti fúyẹ́ sí i. Ẹni tó ń lo gíráàmù ò ní wàhálà yẹn: bó kù ú ṣáájú, bó kù ú lẹ́yìn, 300 ò ní yí padà.

Iyọ̀, yíìsì àti páúdà tó ń mú kéèkì wú, ẹ fi ṣíbí kékeré wọn tìyẹn. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan lè má tètè mọ̀ pé ẹ ti da gíráàmù méjì sí i.