Olórin Tí A Kò Dárúkọ: Bí A Ṣe Ń Dá Ohùn Mọ̀ Lórí Àwo Jáàsì Àtijọ́

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1926, ní ìlú Los Angeles, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì kan bá ẹgbẹ́ olórin Don Clark, tó máa ń ṣeré ní hòtẹ́ẹ̀lì Biltmore, kọ orin kan fún ilé-iṣẹ́ Columbia. “I've Got the Girl” ni orúkọ orin náà. Nígbà tí àwo náà jáde, orúkọ Don Clark àti ti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wà lójú rẹ̀, kò sì sí orúkọ àwọn ọmọkùnrin náà níbì kankan. Ọ̀kan nínú wọn ni Al Rinker. Èkejì ni Bing Crosby, ẹni tí kò ju ọdún mélòó kan lọ lẹ́yìn náà tí ohùn rẹ̀ fi gba gbogbo Amẹ́ríkà kan. Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ náà díjú ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi gba orin náà sílẹ̀ ń yí lọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà, bí ènìyàn bá gbé àwo náà sórí gírámófóònù tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ohùn àwọn méjèèjì a ga, a sì tín-ín-rín bí ẹni pé ọmọdé ló ń kọrin. Orúkọ kò sí, ohùn pàápàá sì ti yí padà. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìtàn náà tẹ́lẹ̀, kí ni yóò fi mọ̀ pé Crosby ni?

Olórin tí a kò dárúkọ ni à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìyẹn ẹni tí ohùn rẹ̀ wà nínú àwo ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí bébà róbótó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí a kò dárúkọ lè jẹ́ ẹni tí a ti wá mọ̀ dájúdájú, bí ọ̀rọ̀ Crosby yìí ti rí lónìí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lè jẹ́ ẹni tí a kò mọ̀ rárá, nítorí pé orúkọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Annette Hanshaw, tó gba orin púpọ̀ sílẹ̀ láàárín ọdún 1926 sí 1934, wà lórí àwọn àwo olówó pọ́ọ́kú lábẹ́ àwọn orúkọ bíi Gay Ellis, Dot Dare àti Patsy Young. Ẹni tó bá ń wá Gay Ellis nínú ìwé ìbí kò lè rí i láéláé. Ohun kan ló máa ń tú u fó: ní ìparí ọ̀pọ̀ àwo rẹ̀, lẹ́yìn tí orin bá ti tán, obìnrin náà a fi ohùn wẹ́ẹ́rẹ́ sọ pé “That's all”, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka àkọ́sórí tán. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ẹni tó bá rí i kí ó dúpẹ́.

Ẹni tó bá fi ojú òde òní wo ọ̀rọ̀ yìí lè rò pé ìrẹ́jẹ lásán ni. Ìrẹ́jẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Ní àwọn ọdún 1920, ijó ni wọ́n ń tà fún oníbàárà. Ojú kan àwo kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹgbẹ́ a kọ́kọ́ fi fèrè àti fayolíìnì gbé orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, olórin a wá bọ́ sí àárín, a kọ ẹsẹ̀ kan, a sì padà jókòó, kí àwọn onífèrè máa bá eré lọ. Orúkọ orin, orúkọ ẹgbẹ́ àti irú ijó tí wọ́n lè jó sí i ni wọ́n máa ń tẹ̀ sójú àwo, wọn a sì fi gbólóhùn kékeré kan sí i: with vocal refrain. Kò sọ ju pé ẹnìkan la ẹnu kọrin díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń fọn fèrè tàbí tó ń ta gìtá, tí wọ́n ní kó dìde. Àwa náà mọ ohun tó jọ ọ́, nítorí àwọn ẹlẹ́gbè wà lẹ́yìn àwọn ọ̀gá olórin jùjú àti fújì tí ohùn wọn ti mọ́ wa létí láti kékeré, tí a kò sì lè dárúkọ ẹyọ kan nínú wọn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé lórí àwọn àwo tí mò ń sọ yìí, ẹni tó dá orin gan-an ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pamọ́.

Ìwé àdéhùn náà ń pa orúkọ mọ́lẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1936, Ella Fitzgerald, tó ní àdéhùn pẹ̀lú Decca, bá ẹgbẹ́ Benny Goodman kọ orin mẹ́ta fún Victor. Decca kò gbà, Victor sì ní láti kó àwọn àwo náà kúrò lọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ méjì láìdá ìjọ̀ngbọ̀n sílẹ̀, àfi kó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sílé kó tó jáde. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n fi orúkọ pamọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn gan-an ni ọ̀gá. Irving Mills, tó jẹ́ alábòójútó ẹgbẹ́ olórin Duke Ellington, kọrin lórí àwọn kan nínú àwo ẹgbẹ́ náà lábẹ́ orúkọ bíi Goody Goodwin àti Sunny Smith. Létí tèmi, ohùn rẹ̀ kò tó ohun tí ẹgbẹ́ náà ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ẹni tó ń sanwó pé kó jókòó?

Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ yìí máa ń rò pé etí ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìwé ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, ìwé àkọ́kọ́ sì ni àwo fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e sábẹ́ iná, kí ẹ dà á díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láàárín ibi tí ìlà orin parí sí àti etí bébà, ibi dídán kan wà tí kò sí orin níbẹ̀, ẹ ó sì rí lẹ́tà àti nọ́ńbà tíntìntín tí wọ́n tẹ̀ sí i. Nọ́ńbà mátíríìsì nìyẹn. Ó yàtọ̀ sí nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ta àwo lọ́jà, nítorí ti ìgbàsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ni, ó sì lè hàn lórí àwo mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí orúkọ ilé-iṣẹ́ àti orúkọ ẹgbẹ́ wọn kò dọ́gba. Bí a bá ti rí nọ́ńbà kan náà lórí wọn, ohùn kan náà ni a ń gbọ́, ohun yòówù kí bébà máa sọ. Lórí àwọn àwo Victor kan, ẹ ó tún rí lẹ́tà VE nínú òbìrí kékeré, lórí ti Columbia ẹ ó rí W. Àwọn lẹ́tà wọ̀nyí fi hàn pé gbohùngbohùn oníná ni wọ́n fi gba orin náà, ìyẹn ni pé kò lè ṣáájú ọdún 1925.

Nọ́ńbà yìí ni a fi ń wá ojú ewé tó yẹ nínú ìwé ilé-iṣẹ́. Victor tọ́jú ìwé rẹ̀ dáadáa, púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí nípasẹ̀ Yunifásítì California ní Santa Barbara, tó fi jẹ́ pé ènìyàn lè rí ọjọ́, ìlú, àti nígbà mìíràn orúkọ olórin tí bébà fi pamọ́. Ìwé ti Paramount, tó gba ọ̀pọ̀ àwọn olórin aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ní Wisconsin, ti ṣègbé, àdánù ńlá sì ni. Bí ọjọ́ bá dájú, a tún lè wo ìwé ìròyìn àtijọ́ láti mọ ibi tí olórin kan wà lọ́jọ́ náà. Ohùn lè jọ ohùn títí, bí ẹni náà bá ń ṣeré ní Chicago lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gba orin ní New York, orúkọ rẹ̀ ti jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Nọ́ńbà tó ń sọ ìgbà kelòó tí wọ́n kọ orin náà ni èyí tí a ń gbọ́ ṣe pàtàkì pẹ̀lú, nítorí wọ́n máa ń kọ orin kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan, kí wọ́n tó mú èyí tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1924, ẹgbẹ́ Fletcher Henderson gba “Everybody Loves My Baby” sílẹ̀ nígbà tí Louis Armstrong ń fọn fèrè fún wọn. Nínú ọ̀kan, Armstrong la ẹnu ní ìparí, ó sì ju ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan sí i. Nínú òmíràn, kò sí ohùn rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n tà fún aráyé. Ẹni méjì lè jókòó máa jiyàn lórí bóyá Armstrong kọrin nínú àwo yìí tàbí kò kọ, kí àwọn méjèèjì sì jàre.

Kí a tó wá fi etí sí ohùn, ìyára àwo ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ṣe. Nọ́ńbà 78 tí gbogbo ènìyàn ń pè kì í ṣe òfin láyé ìgbà náà. Àwọn kan ń gba orin ní 80, àwọn mìíràn ń lọ sílẹ̀ sí 70 àti díẹ̀. Bí àwo tí wọ́n gbà ní 78 bá ń yí ní 83, gbogbo ohùn inú rẹ̀ a gòkè ní ìwọ̀n àlàfo tó wà láàárín bọ́tìnnì pianó kan àti èyí tó kàn án. Kì í ṣe pé ohùn ga nìkan ni. Ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun olórin náà a dún bí ẹni pé wọ́n ti kéré sí i, àgbàlagbà a di ọ̀dọ́. Mo ti fi ẹnu ara mi sọ rí pé obìnrin ló kọ orin kan, mo sì wá orúkọ rẹ̀ kiri fún ọjọ́ mélòó kan, kí n tó dín ìyára rẹ̀ kù lórí kọ̀ǹpútà, tí ọkùnrin sì jáde sí mi. Àwọn ohun èlò ló yẹ kí n ti bi léèrè. Ìpele ohùn tí wọ́n ń pè ní B flat àti E flat ló rọ fèrè trumpet àti clarinet àwọn ẹgbẹ́ náà lọ́rùn jù. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá wá ń dún ní B tàbí ní E, tí wọ́n fi bọ́tìnnì pianó kan ga ju ìyẹn lọ, tàbí tí ohùn pianó bọ́ sí àárín bọ́tìnnì méjì, ìyára ni ká fura sí.

Lẹ́yìn èyí ni etí tó bọ́ sí iṣẹ́. Gbohùngbohùn oníná ti àwọn ọdún náà kì í gbà ju nǹkan bí ìgbọ̀nrìrì 5,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, èyí sì túmọ̀ sí pé púpọ̀ nínú dídún “s” ti sọnù, nígbà tí fáwẹ́lì wà níbẹ̀ láìfarapa. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń gbọ́ fáwẹ́lì ju ohunkóhun lọ: bí olórin ṣe ń ya ẹnu fún “a”, bó ṣe ń wọ inú ọ̀rọ̀, ibi tó ti ń mí, bí ohùn rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n nígbà tó bá fa á gùn, kíákíá ni tàbí díẹ̀díẹ̀. Wọn a wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwo mìíràn tí orúkọ wà lórí rẹ̀, tí ọdún rẹ̀ sì sún mọ́ ti èyí tí wọ́n ń wá. Síbẹ̀, etí máa ń tanni. Gbogbo wa la ti pe ilé ẹnìkan lórí fóònù rí, tí a kí ìyá títí kí a tó mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé e. Àwọn ọ̀dọ́ olórin ọdún 1930 ń fara wé ara wọn lójú méjèèjì, ẹni tó bá sì ní àwo láti tà kò ní ṣàì gbọ́ ohùn Crosby nínú rẹ̀.

Ní London náà, ọ̀pọ̀ àwo tí ẹgbẹ́ Ray Noble ṣe fún ilé-iṣẹ́ HMV kò sọ ju vocal refrain lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Al Bowlly ló ń kọrin lórí wọn, ọkùnrin tí wọ́n bí ní Lourenço Marques, tí à ń pè ní Maputo lónìí, tó dàgbà ní Johannesburg, tí bọ́ǹbù ogun sì pa ní oṣù kẹrin ọdún 1941. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní àwọn àwo tó dárúkọ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yanturu láti fi wé àwọn tí kò dárúkọ, èyí tí kì í ṣe oríire gbogbo olórin.

Àwọn tó kọ́kọ́ kó gbogbo àkọsílẹ̀ yìí jọ sínú ìwé, bíi Charles Delaunay ní Paris ní 1936 àti Brian Rust ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìwé ńlá tirẹ̀ lórí àwo jáàsì jáde ní 1961, ṣe iṣẹ́ tí a kò lè san oore rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó bá ti wọ inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ láyé. Ẹnìkan á fi àmì ìbéèrè sẹ́yìn orúkọ, ẹni tó dà á kọ á gbàgbé àmì náà, ẹni kẹta á sì tẹ orúkọ náà sẹ́yìn àpò àwo tuntun bí ẹni pé ìwé ilé-iṣẹ́ ló ti rí i. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ olórin fún mi ni pé: inú ìwé lo ti rí i ni, àbí etí rẹ ló sọ fún ọ? Kọ̀ǹpútà tó ń fi ohùn wé ohùn ti wà báyìí, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n ariwo àwo gbígbó àti ìyára tí kò tọ́ ń da òun náà láàmú, nítorí náà etí kan ni mo ka òun náà sí.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé àwo Don Clark padà sórí gírámófóònù. Ìwé fi hàn pé Los Angeles ni, oṣù kẹwàá 1926, nígbà tí Rinker àti Crosby ń kọrin pọ̀ nínú àwọn ilé ìṣeré ìlú náà, tí wọn kò sì tíì bá ẹgbẹ́ Paul Whiteman rìn. Bí ẹ bá rọ ìyára rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí ohùn àwọn ohun èlò fi padà sí ipò wọn, àwọn ọmọdé náà a di ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, ọ̀kan nínú wọn á sì máa rọ ohùn sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀, bó ṣe rọ̀ ọ́ lórí àwọn àwo Whiteman tí òun àti Rinker wà nínú wọn láti oṣù kejìlá 1926.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹwàá 1929, obìnrin kan bá ẹgbẹ́ Eddie Lang kọ “What Kind o' Man Is You”. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni àwo náà ti jáde, kò sì dárúkọ rẹ̀. Mildred Bailey ni, ẹ̀gbọ́n Al Rinker lọ́mọ ìyá lọ́mọ bàbá. Àwo àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n ṣe àti èyí tí àbúrò ṣe, kò sí èyí tó gbé orúkọ ẹni tó ni ohùn nínú àwọn méjèèjì.