Òpó Belisha

Ní ọdún 1934, mọ́tò pa èèyàn 7,343 ní Ìlú Ọba. Ẹ má sì gbàgbé pé mọ́tò tó wà lójú títì wọn nígbà náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó wà níbẹ̀ lónìí. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó kú ló ń fẹsẹ̀ wọn rìn jẹ́jẹ́. Ṣé kò ní rí bẹ́ẹ̀? Lọ́dún 1930 làwọn aṣòfin ti fagi lé òfin tó ní kí mọ́tò má sáré ju 20 máìlì lọ ní wákàtí kan, kò sì sí ìdánwò kankan fún ẹni tó bá fẹ́ wa mọ́tò. Ẹni tó bá ti san owó ìwé àṣẹ, ó di awakọ̀ nìyẹn.

Ọdún 1934 yẹn náà ni wọ́n fi Leslie Hore-Belisha ṣe mínísítà ìrìnnà. Ọmọ Júù ni, ọdún 1893 ni wọ́n bí i. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí bàbá rẹ̀ fi kú. Nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ́kọ mìíràn, ó mú Hore tó jẹ́ orúkọ ọkọ náà, ó fi síwájú Belisha tó jogún. Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ló lé e kúrò nídìí ìwé ní Oxford. Ẹ̀ka tó ń kó oúnjẹ àti ẹrù fún àwọn ọmọ ogun ló wà, ó dé Faransé, ó dé Salonika ní Gíríìsì, ó sì gba ipò mejọ (major) kí ogun tó parí. Ó padà sídìí ìwé, ó di lọ́yà, nígbà tó sì di 1923, àwọn ará Devonport ní Plymouth dìbò fún un láti lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Kò tíì pẹ́ lórí àga mínísítà tó fi fẹ́ sọdá Camden High Street ní London. Ibi tí wọ́n sàmì sí fún ẹlẹ́sẹ̀ gan-an ló gbà. Àfi bí mọ́tò eléré kan ṣe já wá fìrì, díẹ̀ ló kù kó gbá olúwarẹ̀. Kò dúró.

Irin kéékèèké tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ ni àmì ìsọdá ìgbà náà. Ẹni tó ń rìn máa ń rí i, nítorí ilẹ̀ ló ń wò. Ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ ńkọ́? Ìgbà tó bá fi máa rí i, ó ti débẹ̀. Ni wọ́n bá ri òpó sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n kùn ún ní dúdú àti funfun ní ìpele ìpele, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù gíláàsì aláwọ̀ ọsàn lé e lórí. Lójú tèmi, gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n gbé àmì kúrò nílẹ̀, wọ́n gbé e dé ibi tí ojú awakọ̀ wà.

Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọmọdé rí ohun tí wọ́n máa sọ lókò, gíláàsì ń fọ́ lójoojúmọ́, títí wọ́n fi wá nǹkan mìíràn tí kì í tètè fọ́. Wọ́n fi orúkọ mínísítà pe òpó náà. Inú ọkùnrin tó fẹ́ràn kí wọ́n máa ya fọ́tò òun yìí kò bàjẹ́ sí i rárá. Nígbà tó di 1935, òfin 30 máìlì láàárín ìlú bẹ̀rẹ̀, ìdánwò ìwakọ̀ di dandan, àwọn tó kú lójú títì lọ́dún náà sì wálẹ̀ sí 6,502.

Ọdún 1937 ni wọ́n gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ ogun. Ó tún ilé àti oúnjẹ àwọn ọmọ ogun ṣe, ó fi àwọn ọ̀gágun àgbà sílẹ̀ yan àwọn tó kéré sí wọn, ìyẹn sì sọ ọ̀pọ̀ di ọ̀tá rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 1940, ó kúrò níbẹ̀. Lọ́dún 1945, olóṣèlú mìíràn, Michael Foot, fi ìbò gba Devonport mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìgbà tó di 1951 ni wọ́n tó fi ìlà funfun kun ojú títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà. Lọ́dún 1957, ó ń sọ̀rọ̀ níwájú àwọn èèyàn ní Reims, ní Faransé, ló bá ṣubú, ó sì kú. Iná tí wọ́n fi sínú bọ́ọ̀lù orí àwọn òpó rẹ̀ ti ń ṣẹ́jú tọ̀sán-tòru nílé nígbà náà.