Ṣé fàájì lọmọ ń lọ ṣe ní sọ́mà Lọ́ńdọ̀nù?

Àbúrò mi obìnrin pè mí láti Ìbàdàn. Ọmọ rẹ̀, tó wà lọ́dún kejì ní yunifásítì, ti rí ètò ẹ̀kọ́ sọ́mà, ìyẹn ìgbà ooru, ọlọ́sẹ̀ mẹ́rin kan ní Lọ́ńdọ̀nù: òwò láàárọ̀, lítíréṣọ̀ lọ́sàn-án, kí wọ́n sì máa rìn káàkiri ìlú lópin ọ̀sẹ̀. "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú o," ló wí, "ṣé ẹ̀kọ́ nìyí àbí fàájì? Kí ló pa òwò àti lítíréṣọ̀ pọ̀? Bàbá ẹ̀ ní bí wọ́n bá máa fún un ní sátífíkéètì Lọ́ńdọ̀nù, òun á wá owó náà débi tó bá wà. Bí kò bá sí sátífíkéètì, kó jókòó sílé kó kàwé ẹ̀."

Ẹ̀rín pa mí. Tọkọtaya náà rò pé àwọn ń bára àwọn jiyàn, ibì kan náà sì ni ọ̀rọ̀ wọn já sí. Ìyá ní fàájì ni, bàbá ní sátífíkéètì ni, àwọn méjèèjì ti gbà pé ilẹ̀ tí ọmọ ń lọ tẹ̀ yẹn kò ní ohunkóhun tó lè kọ́ ọ. Inú kíláàsì lẹ̀kọ́ wà, bébà ni ẹ̀rí ẹ̀, fọ́tò orí afárá nìyókù. Ìgbàgbọ́ yìí wọ́pọ̀ láàárín wa, ó sì ti ná àwọn kan lówó gidi.

Mo mọ ibi tó ti wá. Láti SS1 ni wọ́n ti ń pín ọmọ nílé ìwé wa. Àwọn tó fẹ́ ṣe Accounts àti Commerce gba ibì kan lọ, àwọn tó ń ka Literature gba ibòmíràn, wọn kì í sì í fojú kanra mọ́ àfi nínú kíláàsì Máàtì. Kí ọmọ tó pé ogún ọdún, ó ti wọ̀ ọ́ lára pé ẹni tó ń ṣírò owó kò bá ẹni tó ń ka ìtàn dá nǹkan pọ̀. Lọ́ńdọ̀nù kò mọ̀ pé wọ́n pín nǹkan kan.

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ dé Borough, ní gúúsù odò Thames. Ṣọ́ọ̀ṣì St George the Martyr ò jìnnà síbi tẹ́ ẹ ti máa jáde. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni ọ̀nà tóóró kan wà tí wọ́n ń pè ní Angel Place, ògiri bíríkì gíga kan sì dúró níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní gbowó ìwọlé lọ́wọ́ yín. Èyí ló ṣẹ́ kù nínú Marshalsea, ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn onígbèsè, tí wọ́n tì pa lọ́dún 1842. Ní oṣù kejì ọdún 1824, wọ́n mú akọ̀wé ìjọba kan wá síbẹ̀ nítorí pọ́n-ùn 40 àti ṣílè 10 tó jẹ oníbúrẹ́dì. John Dickens lorúkọ ẹ̀. Ọmọ ẹ̀, Charles, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 12 lóṣù yẹn ni, wọ́n sì ti fi í síṣẹ́ nílé iṣẹ́ pólíìṣì bàtà, níbi tó ti ń lẹ bébà mọ́ ara ìgò pólíìṣì láti àárọ̀ dalẹ́ fún ṣílè mẹ́fà tàbí méje lọ́sẹ̀. Ìyá àti àwọn àbúrò kó lọ bá bàbá nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, òfin ìgbà yẹn gbà á bẹ́ẹ̀. Charles ń dá gbé níta.

Nígbà tí ọmọ àbúrò mi wá dé Lọ́ńdọ̀nù, tí mo mú un débẹ̀, ó wo ògiri náà títí, ó fọwọ́ kan bíríkì ẹ̀, ó wá ní: "Ọ́ńkù, bí wọ́n bá ti í mọ́lé, níbo ló ti fẹ́ rówó san?"

Olùkọ́ òwò lè kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù pé gbèsè tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onígbèsè kì í rọrùn gbà padà. Ọmọ á dà á kọ, ìdánwò á lọ, òun náà á lọ. Ọmọ yìí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó bi ògiri léèrè ni, mi ò sì rò pé ó máa gbàgbé ìbéèrè ẹ̀.

Àwa náà ṣáà ní tiwa. Òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń tajà láwìn, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè pé òṣó ni òun máa ló títí òun á fi gbowó òun. Ibẹ̀ lorúkọ ẹ̀ ti wá. Kó tó dé rárá, àwọn baba wa ti ń dógò ti onígbèsè, wọ́n sì ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà: iṣẹ́ tí ọmọ bá ń ṣe lóko olówó ni èlé, ojú owó ṣì wà nílẹ̀ digbí. Charles kò ṣe ìwọ̀fà ẹnikẹ́ni, àmọ́ kò sí Yorùbá tó máa gbọ́ ìtàn ọmọ ọdún 12 yẹn tí ìwọ̀fà kò ní sọ sí lọ́kàn. Bí wọ́n bá ní kí n dájọ́, òṣómàáló ló gbọ́n jù nínú gbogbo wọn. Ó dójú ti èèyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀ kó lè jáde lọ wá owó.

Ọmọ ilé iṣẹ́ pólíìṣì yẹn dàgbà, ó di òǹkọ̀wé tí gbogbo ìlú ń kà, ó sì padà sí Marshalsea nínú ìwé ìtàn rẹ̀, Little Dorrit, tó bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1855. Ọdún yẹn kan náà nilé aṣòfin wọn fọwọ́ sí Limited Liability Act. Ohun tí òfin náà wí ni pé bí ilé iṣẹ́ bá wọ gbèsè, iye owó tí onípìn-ín dá sínú ẹ̀ ni yóò bá a lọ, wọn ò ní tìtorí ẹ̀ wá kó bẹ́ẹ̀dì àti àga ilé ẹ̀. "Ltd" tí ẹ ń rí lẹ́yìn orúkọ ilé iṣẹ́ káàkiri Èkó, ara ọmọ rẹ̀ ni. Ìwé Dickens fúnra ẹ̀, òwò ni: ṣílè kan lóṣooṣù ni wọ́n ń ta apá kọ̀ọ̀kan, ìpolówó ọjà sì kún inú ẹ̀. Ìwé ìtàn tí wọ́n bá dì sọ́nà mẹ́ta nígbà náà ń lọ ní ṣílè 31 àti sísì, owó ńlá lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ kò lè tó o lẹ́ẹ̀kan náà á máa rà á díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń dá àjọ. Ọdún 1869 ni òfin tó wá fòpin sí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀wọ̀n gbèsè.

Ṣé òwò la ń sọ láti ẹ̀ẹ̀kan ni àbí lítíréṣọ̀? Kí àbúrò mi bá mi pín in.

Láti ibi ògiri yẹn, bí ogún ìṣẹ́jú lẹ ó fi rìn kọjá London Bridge dé Lombard Street. Òpópónà yìí ni Edward Lloyd kó ṣọ́ọ̀bù kọfí ẹ̀ wá lọ́dún 1691. Ibẹ̀ làwọn ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi àti oníṣòwò ti ń pàdé. Bí ọkọ̀ kan bá fẹ́ ṣí, wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀ àti ẹrù ẹ̀ sórí bébà, ẹni tó bá gbà láti bá wọn gbé nínú ewu ẹ̀ á kọ orúkọ tiẹ̀ sísàlẹ̀, pẹ̀lú iye tó lè san bí omi bá gbé e lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní underwriter títí dòní, ẹni tó kọ orúkọ sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ilé ìbánigbófò Lloyd's ti dìde.

Ibí yìí ni mo máa ń fẹ́ kí àwọn ọmọ wa dúró pẹ́ sí. Ọkọ̀ tó ń kó ẹrú wà lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń kọ orúkọ sísàlẹ̀ fún. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, Lloyd's fúnra ẹ̀ tọrọ àforíjì fún ipa tó kó nínú òwò náà. "Ẹrù" ni ìwé òwò ń kọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, lọ́dún 1789, Olaudah Equiano tẹ ìtàn ayé ẹ̀ jáde, ọkùnrin tó sọ pé wọ́n ti kó òun rí gẹ́gẹ́ bí ẹrù. Ó ta ìwé náà fáwọn èèyàn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, owó wọn ló fi tẹ̀ ẹ́, kò sì ta ẹ̀tọ́ ìwé náà fún ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n fi ṣòwò ló wá mọ òwò ìwé tó bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ ka ìwé Equiano lọ́sàn-án, lẹ́yìn tó ti kọ́ nípa ìbánigbófò láàárọ̀, kó wá rí i bóyá "ẹrù" yẹn á ṣì dún bákan náà létí ẹ̀.

Àdúgbò yìí kan náà ni akéwì T. S. Eliot ti ṣiṣẹ́ báńkì láti 1917 sí 1925, ní Lloyds Bank, tó yàtọ̀ sí Lloyd's tí mo ń sọ bọ̀. Ewì ńlá ẹ̀, The Waste Land, jáde ní 1922. Èrò ń rọ́ kọjá London Bridge nínú ẹ̀, wọ́n gba King William Street, aago ṣọ́ọ̀ṣì St Mary Woolnoth lu mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo kà á ní yunifásítì, a fi odindi wákàtí kan wá ìjìnlẹ̀ aago mẹ́sàn-án yẹn. Mo wá dúró síbẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, èrò ń tú jáde nínú ọkọ̀, ẹnikẹ́ni ò wojú ẹnìkejì, ni mo bá rí i pé aago ìwọṣẹ́ ni. Ìjìnlẹ̀ mìíràn lè wà níbẹ̀ o, mi ò jiyàn. Àmọ́ akọ̀wé báńkì tí kò fẹ́ pẹ́ lẹ́yìn ló kọ ọ́.

Ìgbà tó fi báńkì sílẹ̀, ilé iṣẹ́ ìwé ló lọ, èyí tó di Faber and Faber lẹ́yìn náà. Ní 1952, tó ṣì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ibẹ̀, wọ́n tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde. Ọmọ Abẹ́òkúta ló kọ ọ́, Amos Tutuola, tó jẹ́ òjíṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó. Ẹjọ́ gbèsè kan sì wà nínú ìwé yẹn: ọ̀gbẹ́ni kan yá pọ́n-ùn kan, kò sì san gbèsè rí láyé ẹ̀. Wọ́n rán agbowó-gbèsè sí i, tí òun náà kò gba gbèsè tì rí. Onígbèsè fọ̀bẹ gún ara ẹ̀ pa kó má baà san án, agbowó pa ara ẹ̀ kó lè lọ gbà á lọ́run, ẹnìkan tó dúró ń wòran sì pa ara tiẹ̀ kó lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Wọ́n ní kí ọ̀mu tó ń sọ ìtàn náà wá dá ẹjọ́ wọn, ó sún un sí ọdún tó ń bọ̀. Mi ò tíì rí ẹ̀kọ́ lórí gbèsè tí kò ṣe é gbà tó dùn ju èyí lọ.

Globe náà wà létí odò, mo kàn máa dárúkọ ẹ̀ ni. Ìdámẹ́wàá ìpín ilé eré náà ni Shakespeare ní nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní 1599, kọ́bọ̀ kan ni ẹni tó bá dúró wòran ń san. Èyí tí wọ́n tún kọ́, tó ṣí ní 1997, ni àwọn òṣèré wa ti fi Yorùbá ṣe eré ẹ̀ kan ní 2012. Ìtàn Ògìnìntìn ni wọ́n pè é.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ sátífíkéètì tí bàbá ọmọ dì mú. Àwọn ètò sọ́mà kan wà tó jẹ́ ti yunifásítì fúnra ẹ̀. Àwọn mìíràn jẹ́ ti oníṣòwò tó háyà yàrá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olókìkí nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ wà ní họ́lidé. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó háyà gbọ̀ngàn fi ṣègbéyàwó kò di onílé. Mo mọ ìdílé kan tó ta ilẹ̀ nítorí irú ètò bẹ́ẹ̀, torí lẹ́tà tó dé wí pé wọ́n "yan" ọmọ wọn láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀. Bébà tó mú wálé, orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wà lórí ẹ̀ bí àdírẹ́sì lásán, yunifásítì tó ń lọ nílé kò sì kà á sí nǹkan kan.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé máàkì, kẹ́ ẹ sì mú ìdáhùn náà lọ bá yunifásítì ọmọ yín nílé bóyá wọ́n máa gbà á wọlé. Èyí tí mo máa ń bèèrè ju ìyẹn lọ ni ìwé tí wọ́n ní kí ọmọ kà kó tó wọkọ̀. Bí kò bá sí ọ̀kankan, àbúrò mi jàre, fàájì ni. Ògiri Marshalsea kì í bá ẹni tí kò tíì kà nípa ẹ̀ sọ̀rọ̀, bíríkì ni.

Físà sì nìyí. Ẹni tó ń bọ̀ wá kàwé ọlọ́sẹ̀ díẹ̀ ní Bìrìtìkó lè lo físà àlejò, èyí tó gbà kéèyàn wà níbẹ̀ tó oṣù mẹ́fà, bí ilé ìwé náà bá ti ní ìfọwọ́sí. Kò gba iṣẹ́ ṣíṣe, wọn kì í sì í sọ ọ́ di físà akẹ́kọ̀ọ́ láìjẹ́ pé èèyàn kúrò nílùú. Ẹni tó bá sọ fún yín pé sọ́mà ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún jápa ń wá owó yín.

Lálẹ́ ọjọ́ tá a lọ Borough, ọmọ náà fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀ lórí WhatsApp. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí fóònù mi fi dún.

"Bọ̀dá mi, ẹ kú alẹ́ o. Ògiri ta ni ọmọ yìí ń yà fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó sì ń bi mí pé ṣé mo ṣì ń ta aṣọ láwìn?"