Ẹ Má Bu Omi Òkun Mu: Ọ̀rọ̀ Kíndìnrín àti Ẹni Tó Sọnù Lójú Agbami

Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan gún mi lára ní yàrá ìtọ́jú. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wọ̀nyẹn jókòó sórí irin tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ òkun, lẹ́yìn ìdí ọkọ̀, láti Èkó títí dé Brazil. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n lò níbẹ̀. Oúnjẹ wọn tán ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n sì sọ fún àwọn oníròyìn pé omi òkun ni àwọn ń mu títí tí àwọn ọlọ́pàá Brazil fi wá yọ wọ́n. "Dókítà, ẹ ò rí i pé wọn ò kú?" Ìtọ́jú kíndìnrín ni iṣẹ́ mi ní Abẹ́òkúta níbí, mo sì mọ ibi tí ìbéèrè yẹn ń lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ jápa wà láàárín àwọn tó ń bi mí. Àwọn apẹja wa náà ń bẹ ní Ògùn Waterside, níbi tí ìpínlẹ̀ wa ti fara kan òkun, ẹ́ńjìnnì sì lè kú mọ́ wọn lọ́wọ́ níbi tí wọn ò ti rí etí òkun mọ́.

Omi làbùwẹ̀, omi làbùmu lóòótọ́, àmọ́ mi ò rò pé omi òkun ló wà lọ́kàn ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ rántí omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń kọ́ àwọn ìyá láti pò fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe: lítà omi kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ṣíbí tẹ́jú, kó má ga. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 35 nínú. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí tíì mẹ́fà. Ìyá tó bá da iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sínú omi ọmọ rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì á ti já ife gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kíndìnrín ló ń fi ìtọ̀ gbé iyọ̀ tó pọ̀jù jáde lára, ṣùgbọ́n ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò lè ṣe ìtọ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ tó ti omi òkun. Ẹni tó bá mu lítà omi òkun kan gbọ́dọ̀ tọ̀ ju lítà kan lọ kí iyọ̀ yẹn tó lè jáde tán. Níbo ni kíndìnrín á ti rí omi tó fi kún un? Inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara ẹni náà ni. Òùngbẹ á wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á tún bu omi mìíràn mu. Tó bá ṣe díẹ̀, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, onítọ̀hún á máa sọ kántankàntan, á máa rí ilé níbi tí kò sí ilé. Àwọn kan ti bọ́ sínú omi báyìí, wọ́n ní àwọn ń lọ sílé.

Ọjọ́ mẹ́rin péré ni àwọn mẹ́rin yẹn fi mu ún kí wọ́n tó gúnlẹ̀, ibẹ̀ lorí kó wọn yọ. Àwọn mìíràn ò ríre bẹ́ẹ̀: ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, ọkọ̀ kan gbéra ní Fass Boye ní Senegal pẹ̀lú ènìyàn 101. Nígbà tí ọkọ̀ apẹja ará Spain rí wọn nítòsí Cape Verde ní oṣù Kẹjọ, ènìyàn 38 ló ṣẹ́ kù láàyè.

Kí wá ni àwọn tó pẹ́ lójú omi ṣe? Omi òjò ni ìdáhùn, àyàfi àwọn díẹ̀ tó ní ẹ̀rọ. Steven Callahan, atukọ̀ ará Amẹ́ríkà, lo ọjọ́ 76 nínú ọkọ̀ rọ́bà lórí Àtìláńtíìkì ní 1982, ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn sọ omi òkun di omi mímu ló sì ń fún un ní nǹkan bí ìdajì lítà lóòjọ́. Poon Lim, ọmọ Ṣáínà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ Benlomond tí àwọn Jámánì rì ní oṣù Kọkànlá 1942, kò ní ẹ̀rọ kankan. Orí pákó tí wọ́n kàn pọ̀ ló wà fún ọjọ́ 133. Ó ta aṣọ kánfáàsì láti fi gbe òjò. Ó tú wáyà inú tọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ ẹ́ di ìwọ̀, ó fi okùn tó tú ṣe okùn ìpẹja. Nígbà tí àwọn apẹja ará Brazil rí i ní oṣù Kẹrin 1943, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn.

Èyí tó wù mí jù, gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn, ni ti ìdílé Robertson, àwọn ará Britain tí ọkọ̀ wọn rì ní 1972. Àwọn mẹ́fà wà lójú omi fún ọjọ́ 38, nínú ọkọ̀ rọ́bà, lẹ́yìn náà nínú ọkọ̀ kékeré. Omi òjò kan wà ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wọn tó ti dàpọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ìjàpá òkun, ó ń rùn débi pé kò ṣeé gbé sẹ́nu. Nọ́ọ̀sì ni ìyá ilé náà. Ó fi rọ́bà gba ìdí rọ omi náà sí wọn nínú. Ìfun ńlá ń fa omi sínú ẹ̀jẹ̀, kò sì mọ adùn tàbí òórùn. Ṣùgbọ́n omi òkun ò ṣeé rọ bẹ́ẹ̀ o, iyọ̀ rẹ̀ kò ní torí pé ìdí ló gbà wọlé kó dín kù.

Ẹ̀jẹ̀ ìjàpá òkun ńkọ́? José Salvador Alvarenga, apẹja tó kúrò ní Mexico ní oṣù Kọkànlá 2012 tí omi sì gbé e gúnlẹ̀ sí erékùṣù Marshall ní oṣù Kìíní 2014, mu ún dáadáa. Iyọ̀ inú rẹ̀ kò jìnnà sí ti ẹ̀jẹ̀ tiwa, kì í ṣe ẹgbẹ́ omi òkun rárá.

Ọ̀rọ̀ ẹja ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Bí omi kò bá sí, ẹ má jẹ ẹja. Ìdọ̀tí tí ẹran àti ẹja ń fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ pọ̀, omi sì ni kíndìnrín fi ń fọ̀ ọ́ jáde. Ebi lè fi ènìyàn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òùngbẹ kì í dúró tó bẹ́ẹ̀.

Ìlànà tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun ni pé kí ẹni tí kò fara pa má mu omi ní wákàtí 24 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kó máa mu ìdajì lítà lóòjọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi ṣì pọ̀ lára, èyí tí ẹ bá mu, títọ̀ lẹ máa tọ̀ ọ́ nù. Ẹ tètè lo oògùn èébì kí inú tó rú, torí omi ni èébì. Ẹ wá ibòòji, ẹ máa rẹ aṣọ sínú òkun lọ́sàn-án kí ara lè tutù, kí ó sì gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí òjò bá dé, ẹ jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ fọ iyọ̀ orí tápólì dànù kí ẹ tó gbe èyí tí ẹ máa mu.

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá padà sílé ńkọ́? Mo mọ àwa Ẹ̀gbá, láfún á ti wà nílẹ̀, ọbẹ̀ á ti ń hó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà sẹ́yìn. Ara tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́, bí oúnjẹ bá ya wọ̀ ọ́ lójijì, fọ́sífétì àti pọtáṣíọ̀mù, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn fi ń ṣiṣẹ́, á já wálẹ̀, ọkàn sì lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ ní 1945 ní àgọ́ ìfìyàjẹni tí àwọn Jámánì ti fi ebi pa wọ́n ló jẹun yó tó sì kú. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì sọ iye ọjọ́ tí kò fi jẹun fún wọn lẹ́nu ọ̀nà, torí a gbọ́dọ̀ fún un ní fítámì B1 kí ẹnikẹ́ni tó fa dírípù onísúgà sí i lára.