Param Vishisht Seva Medal

Param Vishisht Seva Medal, tí ìkékúrú rẹ̀ ń jẹ́ PVSM, ni àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ tí orílẹ̀-èdè Íńdíà fi ń yẹ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sí nítorí iṣẹ́ ìsìn tó ta yọ ní àkókò àlàáfíà. Nínú èdè Híńdì, «param» ni èyí tó ga jù, «vishisht» ni ohun tó ta yọ, «seva» sì ni ìsìn. Ẹni tó bá gbà á lẹ́tọ̀ọ́ láti máa kọ PVSM sẹ́yìn orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 26, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1960 ni ìjọba dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ipò kìíní Vishisht Seva Medal. Ní ọdún 1967 ni ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: PVSM ló ṣáájú, Ati Vishisht Seva Medal tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta sì ń jẹ́ Vishisht Seva Medal. Nígbà tí ìjọba dá Sarvottam Yudh Seva Medal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1980 fún ìsìn lójú ogun, ààlà láàárín oríṣi ìsìn méjèèjì wá hàn kedere.

Òfin kò yọ ipò kankan sílẹ̀: ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfuurufú, títí kan àwọn nọ́ọ̀sì ológun, ló lè gbà á, kódà lẹ́yìn ikú. Síbẹ̀, àwọn ọ̀gágun àgbà, láti ipò Lẹ́fútẹ́náǹtì Jẹ́nẹ́rà sókè, ló sábà máa ń bọ́ sí lọ́wọ́. Èyí kò ṣòro láti lóye, nítorí pé iṣẹ́ tí a ń wò níbẹ̀, irú bíi títọ́ àwọn ọmọ ogun tuntun, pípèsè oúnjẹ àti ohun ìjà fún wọn, àti bíbójú tó ilé ìwòsàn wọn, kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ipa rẹ̀ kì í sì í hàn àfi lára ẹgbẹ́ ọmọ ogun lápapọ̀.

Ohun tó yẹ fún àfiyèsí jù lọ ni ipò tí wọ́n fi í sí. Nínú ètò bí àwọn àmì ẹ̀yẹ Íńdíà ṣe ń tẹ̀ léra, PVSM ṣáájú Maha Vir Chakra, èyí tó jẹ́ igbákejì àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ fún ìgboyà níwájú ọ̀tá. Iyì tí orílẹ̀-èdè náà fún iṣẹ́ ìṣàkóso tí ojú aráàlú kì í tó kò kéré rárá.

Lára àwọn tó ti gbà á ni Bipin Rawat, Ọ̀gá Àgbà àkọ́kọ́ fún gbogbo ológun Íńdíà, tó kú nínú ìjàm̀bá hẹlikọ́pítà ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2021. Dókítà ni àwọn méjì mìíràn: Punita Arora, obìnrin àkọ́kọ́ tó di Lẹ́fútẹ́náǹtì Jẹ́nẹ́rà ní Íńdíà, ẹni tó darí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àwọn ológun ní ìlú Pune, àti Padmavathy Bandopadhyay, obìnrin àkọ́kọ́ tó di Air Marshal, ìyẹn ipò ọ̀gágun àgbà, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Íńdíà.

Àmì náà rí roboto, wọ́n fi wúrà bò ó, ìràwọ̀ onígun márùn-ún sì wà níwájú rẹ̀. Rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà pẹ̀lú ìlà aró kan láàárín. Ìlà méjì ni ti ipò kejì, mẹ́ta ni ti ipò kẹta. Ní Àyájọ́ Ọjọ́ Orílẹ̀-èdè Olómìnira, 26 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ni wọ́n máa ń kéde orúkọ, Ààrẹ a sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi àmì náà kọ́ olúkúlùkù láyà ní Rashtrapati Bhavan, ìyẹn ilé Ààrẹ, ní New Delhi.