Táńkà tí wọ́n kọ INFLAMMABLE sí lára: ṣé ó máa ń gbaná ni àbí kì í gbaná?

Iṣẹ́ tèmi ni ká máa kọ nǹkan sára ọkọ̀, orúkọ ọlọ́kọ̀ o, nọ́ńbà o, "Ìgbà ò lọ bí òréré" o, gbogbo ẹ̀ náà ni. Àmọ́ torí pé ẹ̀gbẹ́ Apápá ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, táńkà epo ló ń wọlé sí wa jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ iṣẹ́ mi kan, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sẹ́kọ́ńdírì, ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sẹ́yìn táńkà kan, ó ti kọ HIGHLY, ló bá dúró, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀dà pupa ń kán sí i lẹ́sẹ̀, ó ní ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èwo gan-an la fẹ́ kọ? Ohun tó bi mí rèé, àtèyí tí dírẹ́bà táńkà náà dá sí i.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, wọ́n kọ́ wa ní sùkúù pé tí "in" bá ti wà níwájú ọ̀rọ̀ òyìnbó, ó ti yí i sódì nìyẹn. Visible lèyí tá a lè rí, invisible lèyí tá ò lè rí. Tí flammable bá jẹ́ nǹkan tó ń gbaná, ṣebí inflammable á jẹ́ nǹkan tí kì í gbaná?

Ìdáhùn: Rárá o. Nǹkan kan náà làwọn méjèèjì ń sọ, ìyẹn nǹkan tó tètè ń gbaná. Látinú Látìnì ni wọ́n ti wá, "in" méjì ló sì wà níbẹ̀ tí wọ́n jọra bí ìbejì. Ọ̀kan dà bí "àì" tiwa, òun ló wà nínú invisible. Èkejì túmọ̀ sí "sínú". Ṣó o rí bá a ṣe máa ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù láìfi àmì sí i, ìyàwó á kọ̀wé sí ọkọ pé "ra obe bọ̀", ọkọ á wá dúró lọ́jà, kò mọ̀ bóyá ọ̀bẹ ni àbí ọbẹ̀? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí "in" nìyẹn. Flamma ni ọwọ́ iná lédè Látìnì, inflammare ni kéèyàn tiná bọ nǹkan, inflammable sì ni ohun tó ṣeé tiná bọ̀. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀ náà ni inflammation tí dókítà máa ń sọ tí ojú ibì kan lára èèyàn bá wú, tó pọ́n, tó ń gbóná, bíi pé wọ́n dáná síbẹ̀.

Ìbéèrè: Èwo ló wá jẹ́ ẹ̀gbọ́n?

Ìdáhùn: Inflammable. Ó ti wọnú èdè òyìnbó láti nǹkan bí 1605. Flammable ò fara hàn títí di 1813, kò sì sẹ́ni tó kà á sí. Àwọn National Fire Protection Association, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń rí sí bá a ṣe lè dènà iná ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde láàárín 1920 sí 1930, torí wọ́n rí i pé ẹnì kan lè ka inflammable bí ìwọ náà ṣe kà á yìí. Nígbà tó di 1959, British Standards Institution, àwọn tó ń ṣètò ìlànà nǹkan ní Bìrìtéènì, náà sọ pé flammable ni káwọn èèyàn máa lò. Ẹni tó gbọ́ òyìnbó dáadáa lè má ṣì í kà o, àmọ́ kì í ṣe ẹni tó gbọ́ òyìnbó dáadáa nìkan ló ń mu sìgá.

Ìbéèrè (dírẹ́bà ló béèrè èyí): Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń rí inflammable lára táńkà àwọn ará Kutọnu tí mo bá lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Ṣé àwọn náà ṣì í kọ ni?

Ìdáhùn: Wọn ò ṣì í kọ. Faransé ni, ohun tó ń gbaná náà ló túmọ̀ sí. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé nǹkan ò lè gbaná, ininflammable ni wọ́n máa ń sọ. "In" méjèèjì ló tò síbẹ̀ yẹn, "àì" ló ṣíwájú, "sínú" ló tẹ̀ lé e. Èmi rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Lóyìnbó, non-flammable ni kẹ́ ẹ kọ, kó tán síbẹ̀.

Ìbéèrè: Àmọ́ ọ̀gá, ṣé ọ̀rọ̀ lásán lè fa iná ni?

Ìdáhùn: Ó lè fà á dáadáa. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Benjamin Lee Whorf, ilé iṣẹ́ adójútòfò iná ní Hartford, Amẹ́ríkà, ló ti ń ṣiṣẹ́, ó tún jẹ́ onímọ̀ èdè. Ó kíyè sí i pé níbi tí wọ́n bá to dúrọ́ọ̀mù epo sí, àwọn èèyàn máa ń ṣọ́ra, àmọ́ níbi tí wọ́n bá ti pe dúrọ́ọ̀mù ní òfìfo, wọ́n á máa mu sìgá, wọ́n á máa ju ìdí ẹ̀ kiri. Bẹ́ẹ̀ òfìfo yẹn gan-an léwu jù, torí oòru epo, ìyẹn epo tó ti fẹ́ dà bí afẹ́fẹ́, ló kún inú ẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ jù sẹ́yìn kíṣìnnì yẹn náà nìyẹn. Oòru pẹtiróò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rà mọ́ títí á fi pàdé iná, kódà tó bá tutù ju inú fíríìsà lọ á ṣì gbiná, nígbà tó jẹ́ pé kẹrosíìnì ní láti gbóná dé nǹkan bíi 38°C kí oòru ẹ̀ tó lè gbaná. Ẹni tó bá rántí June 28, 2018 lórí bíríìjì Ọtẹdọlá, ọkọ̀ tó lé ní àádọ́ta ló jó lọ́jọ́ yẹn nítorí táńkà kan ṣoṣo.

Dírẹ́bà ò sọ nǹkan kan mọ́, ó rọra pa sìgá tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi kọ FLAMMABLE, gàdàgbà. Nírọ̀lẹ́, ọlọ́kọ̀ dé, ó wò ó títí, ó yí i po, ó ní ṣé ọ̀dà ló tán ni, "in" tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ dà? Mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé, mo dé orí ọ̀bẹ àti ọbẹ̀. Ó ní ó ti yé òun, kò burú, àmọ́ kí n yọ owó lẹ́tà méjì kúrò.