Alùpùpù náà ní ìwé tirẹ̀: bí wọ́n ṣe ń gùn ún kọjá ẹnubodè Táílàńdì nítorí fíísà

Bí ọjọ́ tí wọ́n lù sínú pásípọ́ọ̀tù àlejò tó ń gbé Táílàńdì bá ń tán lọ, á yọjú sí orílẹ̀-èdè tó múlé tì í, á sì padà wọlé kí wọ́n lè lu òǹtẹ̀ tuntun fún un. Ẹlòmíì a wọ bọ́ọ̀sì. Ẹni tó ní alùpùpù a gun tirẹ̀ láti Hat Yai, ìlú ńlá kan ní gúúsù Táílàńdì, nǹkan bíi 60 kìlómítà, dé ẹnubodè Sadao, tí Màléṣíà ti bẹ̀rẹ̀ ní Bukit Kayu Hitam. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wà ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, nítorí náà ọ̀nà kọ́ ló ń yọni lẹ́nu, ìwé ni. Ìrìnàjò méjì ló wà nínú ẹyọ kan: ti ẹni tó gun máṣíìnì, àti ti máṣíìnì fúnra rẹ̀. Ìmígíréṣọ̀n ló ni ti èèyàn, kọ́sítọ́ọ̀mù ló ni ti máṣíìnì.

Ká kọ́kọ́ mú ti èèyàn kúrò nílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Táílàńdì gbà kí ọmọ orílẹ̀-èdè 93 máa wọlé láìgba fíísà, kí wọ́n lo 60 ọjọ́. Ṣùgbọ́n láti ìparí ọdún 2016 ni òfin ti wà pé ẹni tó bá ń wọlé lọ́nà yẹn láti ẹnubodè orí ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe é ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún. Yorùbá tó ní pásípọ́ọ̀tù ìlú ọba wà lára àwọn tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún. Ẹni tó mú pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé Nàìjíríà dání kò sí níbẹ̀, Màléṣíà pàápàá á sì tún béèrè fíísà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí fíísà Táílàńdì tó ní bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, gbàrà tó bá ti jáde ló kú, àfi tó bá ti san 1,000 baht, owó Táílàńdì, gba ìwé àṣẹ àtipadà wọlé, ìyẹn ò sì fi ọjọ́ kankan kún un. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ san 1,900 baht ní ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n, kí wọ́n fi 30 ọjọ́ kún èyí tó wà nílẹ̀, ó sàn ju kó máa jó epo lásán lọ.

Ti máṣíìnì gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kọ́sítọ́ọ̀mù kò fẹ́ kí wọ́n gbé e jáde bí ẹni ń lọ ra ata, kó wá di títà lódìkejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ẹni tó ni ín. Ìwé pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé ni pátíkúlà alùpùpù ní Táílàńdì. Bí orúkọ inú rẹ̀ bá bá ti pásípọ́ọ̀tù mu, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí wọ́n bá háyà máṣíìnì náà ni, olówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìwé àṣẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í gbà. Bí wọ́n bá ṣì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iléeṣẹ́ tó yáni lówó ló di ìwé ewé yẹn mú.

Ní Sadao, fọ́ọ̀mù TM.2 ni wọ́n ń kọ fún ohun ìrìnnà. Ìmígíréṣọ̀n á lu òǹtẹ̀ ìjáde. Kọ́sítọ́ọ̀mù á fúnni ní ìwé pé máṣíìnì yìí jáde fún ìgbà díẹ̀ ni, yóò padà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ẹni tó ti gba òǹtẹ̀ á rò pé ó parí, á fi iná sí i kọjá wíńdò kọ́sítọ́ọ̀mù. Nínú ìwé, èèyàn ti jáde, máṣíìnì ò tíì kúrò nílé. Tó bá padà dé tí wọ́n ní kó mú ìwé rẹ̀ wá, kí ló fẹ́ sọ?

Màléṣíà ń béèrè káàdì ìwọlé orí íntánẹ́ẹ̀tì, MDAC, tí wọ́n ń kọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìrìnàjò. Ìnṣọ́ránsì Táílàńdì ò wúlò níbẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀bù Dannok, ìlú kékeré tó wà lẹ́nu ibodè, ló ń ta ti Màléṣíà. Wọ́n tún ń tẹ sítíkà nọ́ńbà, torí lẹ́tà Thai ló wà lára nọ́ńbà Táílàńdì, ọlọ́pàá Màléṣíà ò sì lè kà á. Láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ Táílàńdì ní tirẹ̀ kò ní wàhálà, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ASEAN, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà, ṣe lọ́dún 1985 ti bá a yanjú.

Ní ti àtipadà, aago Màléṣíà fi wákàtí kan ṣáájú. Ní Padang Besar, ẹnubodè kejì tí wọ́n ń tì lálẹ́, ẹni tí aago ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ka mẹ́sàn-án lè bá a pé mẹ́wàá ti lù, géètì ti di títì. Táílàńdì náà ní káàdì orí íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, TDAC, láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Lẹ́yìn òǹtẹ̀ ìwọlé, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ọjọ́sí gbọ́dọ̀ padà sí wíńdò kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá kì í bọ àpò lọ sílé, iwájú ilé rẹ̀ ni máṣíìnì wà, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọba, Màléṣíà ló ṣì wà.